Kóńgò Elélùbọ́ àti Ìdíwọ̀n Ọpọlọ: bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ tẹ́sìtì láì há fọ́múlà sórí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ nípa tẹ́sìtì àti ìdíwọ̀n ọpọlọ, ẹ kọ́kọ́ pa hándáòtù yẹn dé ná. Mo mọ̀ pé ìdánwò ti ń kanlẹ̀kùn, mo sì mọ̀ pé ojú ewé tí àmì Σ, èyí tó ní kí a ro nọ́ńbà pọ̀, ti kọ́kọ́ yọjú ni ọ̀pọ̀ yín ti dúró. Èmi náà dúró síbẹ̀ nígbà tèmi. Mo há gbogbo fọ́múlà sórí bí ẹni ń kọ́ oríkì agboolé rẹ̀, mo wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo sì bá ni pé kí n ṣàlàyé fún ìyá ọmọ kan ohun tí máàkì ọmọ rẹ̀ túmọ̀ sí. Fọ́múlà wà lórí mi, àlàyé ò sí lẹ́nu mi. Bí kọ́ọ̀sì yẹn ṣe di èyí tí mo tún ṣe lọ́dún kejì nìyẹn. Bí mo ṣe kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ tò síbí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ lọ sí Akẹ̀sán

Bí ẹ bá wà ní Ajayi Crowther o, bí ẹ bá wà ní Emmanuel Alayande o, ọjà Akẹ̀sán ò ṣòro dé. Ẹ̀gbẹ́ ààfin Aláàfin náà ló wà. Ẹ lọ dúró ti ìyá elélùbọ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ ra kóńgò kan lọ́wọ́ rẹ̀, kó má baà dà bíi pé ẹ wá ṣe amí.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Kóńgò kan náà ló ti fi ń wọn èlùbọ́ fún gbogbo ènìyàn láti àárọ̀. Bí ẹ bá ní kó da tiyín padà kó tún un wọ̀n, iye kan náà lẹ ó bá. Ìyẹn ni ìdúróṣinṣin, èyí tí ìwé yín ń pè ní reliability. Ẹ wá fọgbọ́n yí kóńgò náà padà kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi òòlù lù ú wọnú, bí àwọn kan ti ń ṣe, ẹ̀kúnwọ́ kan ni yóò máa jẹ yín ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra ọjà. Kò ní yẹ̀. Ó dúró ṣinṣin, àmọ́ irọ́ ló ń pa. Ohun tí kò ní ni ìjóòótọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní validity. Méjì yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dà pọ̀ jù. Òṣùwọ̀n lè dúró ṣinṣin kó má jóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wọn mẹ́fà lónìí, tó wọn mẹ́wàá lọ́la, lára ọjà kan náà, báwo ló ṣe fẹ́ jóòótọ́?

Ẹ tún wo òkìtì orí kóńgò. Ọwọ́ kan náà ló kó o, síbẹ̀ òkìtì méjì kì í dọ́gba: ìkan ga díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbé díẹ̀ lọ lára ìkejì. Kì í ṣe olè. Àṣìṣe ìdíwọ̀n nìyẹn, kò sì sí tẹ́sìtì tí kò ní in. Èèní tí ìyá bù lé e lẹ́yìn tí ẹ ti bẹ̀ ẹ́ títí ńkọ́? Máàkì àánú nìyẹn. Gbogbo wa la ti jẹ ẹ́ rí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ibi tí ọjà àti kọ́ọ̀sì yìí ti yà nìyí: ojú ń rí èlùbọ́. Ojú ò rí ìbẹ̀rù, kò rí ọgbọ́n, kò rí ìfẹ́ iṣẹ́. Ohun tí ènìyàn ṣe tàbí tó sọ nìkan la lè kà. Ìyókù, òye la fi ń gbé e. Nítorí náà, lórí tẹ́sìtì yòówù tí wọ́n bá kọ́ yín, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ìbéèrè kan sókè ewé: kí ló wà nínú kóńgò yìí gan-an? Yorùbá ò pe ọgbọ́n, ìmọ̀, òye àti làákàyè ní orúkọ kan náà. Tẹ́sìtì tó béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì aádọ́ta, èwo ló wọ̀n nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Èmi ò rò pé ó kan ọgbọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: irú nọ́ńbà wo lẹ mú lọ́wọ́?

Èyí ò gbọdọ̀ gbà yín ju wákàtí kan lọ. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, S. S. Stevens, ló pín òṣùwọ̀n sí ọ̀nà mẹ́rin lọ́dún 1946, àwọn olùkọ́ ò sì jẹ́ fò ó nínú ìdánwò. Nominal jẹ́ orúkọ lásán, bíi nọ́ńbà ẹ̀yìn jásì agbábọ́ọ̀lù: ẹni tó wọ 10 kì í ṣe ìlọ́po méjì ẹni tó wọ 5. Ordinal jẹ́ ipò: Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò lè fi nọ́ńbà sọ bó ṣe fi ga tó lórí ẹni tó tẹ̀ lé e. Nínú interval, àlàfo àárín nọ́ńbà dọ́gba, ṣùgbọ́n òdo rẹ̀ kì í ṣe "kò sí rárá". Bí wọ́n ṣe ń wọn ooru ní Celsius nìyẹn. Ratio ni ti owó àti ìwúwo, níbi tí òdo ti jẹ́ òdo pátápátá, bí àpò akẹ́kọ̀ọ́ lópin oṣù.

Àárín ipò àti interval ni ọ̀pọ̀ tẹ́sìtì ọpọlọ wà. Ìdí nìyí tí ẹ ò fi lè sọ pé ọmọ tó ní IQ, ìyẹn máàkì tẹ́sìtì ọpọlọ, 120 gbọ́n ní ìlọ́po méjì ẹni tó ní 60. Bí ìbéèrè yẹn bá jáde, máàkì ọ̀fẹ́ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi ọwọ́ ṣírò ọmọ márùn-ún

Ẹ mú bébà àti kakulétọ̀. Ẹ má tíì fọwọ́ kan Excel. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti pẹ́ jù, torí ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kò ní gbàgbé mọ́, bí iná bá lọ, bí fóònù bá kú.

Ẹ jẹ́ ká ní àwọn ọmọ márùn-ún ṣe tẹ́sìtì ìṣirò oníbéèrè 20, máàkì kan fún ìbéèrè kan. Mo ti ya máàkì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀: ti ìbéèrè 1, 3, 5 títí dé 19 ló ṣáájú, ti 2, 4, 6 títí dé 20 ló tẹ̀ lé e.

Dèjì: 3 àti 3, àpapọ̀ 6
Bísí: 4 àti 6, àpapọ̀ 10
Kúnlé: 8 àti 4, àpapọ̀ 12
Ṣọlá: 6 àti 8, àpapọ̀ 14
Àdùkẹ́: 9 àti 9, àpapọ̀ 18

Ẹ ro àpapọ̀ wọn pọ̀, 60. Ẹ pín in sí márùn-ún, 12. Ìpíndọ́gba nìyẹn. Ẹ yọ 12 kúrò lára máàkì kọ̀ọ̀kan: −6, −2, 0, 2, 6. Ẹ sọ iye kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, kí àmì ìyọkúrò lè pòórá: 36, 4, 0, 4, 36. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 80. Ẹ pín in sí 5, ó di 16. Ẹ tẹ √ lórí kakulétọ̀, ó di 4. Mẹ́rin yìí ni standard deviation. Èmi máa ń pè é ní ìfọ́nká, torí bí àwọn ọmọ ṣe fọ́n ká sí yípo 12 ló ń sọ. (Àwọn olùkọ́ kan á ní kí ẹ fi 4 pín 80, ìyẹn iye ọmọ yọ kan. Ìdí tó dára wà fún un, ṣùgbọ́n ẹ bi olùkọ́ tiyín èyí tó fẹ́ kí ìdánwò tó dé.)

Pẹ̀lú 12 àti 4 yìí, ẹ lè sọ máàkì ẹnikẹ́ni di ohun tó nítumọ̀. Àdùkẹ́ gba 18: ẹ yọ 12, ó ku 6, ẹ fi 4 pín in, 1.5. Z rẹ̀ nìyẹn, ó fi ìfọ́nká kan àti ààbọ̀ ga ju ìpíndọ́gba lọ. Bí ẹ ò bá fẹ́ nọ́ńbà onípọ́íntì tàbí ti ìyọkúrò, ẹ sọ ọ́ di T: ẹ fi 10 sọ Z di púpọ̀, kí ẹ fi 50 kún un. Àdùkẹ́ ní 65, Dèjì ní 35. IQ òde òní kò yàtọ̀ sí èyí rárá, 100 ni wọ́n kàn fi ṣe ìpíndọ́gba, tí wọ́n fi 15 ṣe ìfọ́nká. Ẹni tó ní 115 fi ìfọ́nká kan ga ju àárín lọ, ó ṣáájú bí ènìyàn 84 nínú 100. Àwọn 84 yẹn ni percentile rẹ̀. Kì í ṣe pé ó gba ìbéèrè 84 nínú 100 o! Àṣìṣe yìí ti pa àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ.

Ẹ ṣọ́ra, ìpíndọ́gba ta ni? Ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Bí Àdùkẹ́ bá ṣe tẹ́sìtì yìí láàárín àwọn tó lọ figagbága nínú ìdíje ìṣirò, 18 rẹ̀ lè má jẹ́ nǹkankan. Àwọn tí a fi ẹnì kan wé ni wọ́n ń pè ní norm group, ó sì yẹ kí ẹ béèrè wọn nígbà gbogbo: níbo ni wọ́n ti wá, lọ́dún wo?

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ṣé kóńgò yìí dúró ṣinṣin?

Ọ̀nà pọ̀. Ẹ lè fún àwọn ọmọ náà ní tẹ́sìtì kan náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ lè ṣe tẹ́sìtì ìbejì, ìyẹn méjì tó jọra, kí ẹ fi wéra. Alpha ti Cronbach, nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọn ìbéèrè inú tẹ́sìtì ṣe bára mu tó, tó gbé jáde lọ́dún 1951, ló wọ́pọ̀ jù nínú pùròjẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà yóò sì bá yín ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ṣe èyí tó rọrùn, pípín tẹ́sìtì sí méjì. Ìdí tí mo fi ya máàkì sọ́tọ̀ lókè nìyẹn.

Ìpíndọ́gba apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 6. Ẹ yọ 6 kúrò. Apá kìíní: −3, −2, 2, 0, 3. Apá kejì: −3, 0, −2, 2, 3. Ẹ fi ti ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ara wọn di púpọ̀: 9, 0, −4, 0, 9, àpapọ̀ rẹ̀ 14. Ẹ wá sọ iye kọ̀ọ̀kan nínú apá kìíní di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ rò ó pọ̀: 26. Apá kejì náà, 26. Ẹ fi 26 pín 14, 0.54. (Bí apá méjèèjì ò bá dọ́gba bí èyí, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn kí ẹ tẹ √, kí ẹ tó fi pín.) Ìbátan àárín apá méjèèjì nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn rìn tó, èyí tí ìwé yín ń pè ní correlation.

Àmọ́ ìbéèrè mẹ́wàá mẹ́wàá la fi wéra, tẹ́sìtì wa sì jẹ́ 20. Tẹ́sìtì kúkúrú kì í dúró ṣinṣin tó gígùn. Àwọn onímọ̀ méjì, Spearman àti Brown, tí oníkálukú rí ọ̀nà yìí fúnra rẹ̀ lọ́dún 1910, bá wa tún un ṣe: ẹ fi 2 sọ 0.54 di púpọ̀, 1.08, ẹ fi 1 kún 0.54, 1.54, ẹ fi èyí pín tàkọ́kọ́. Ó di 0.70.

Ṣé 0.70 dára? Ó tó fún pùròjẹ́ẹ̀tì. Kò tó láti fi yan ọmọ tí yóò wọlé àti èyí tí yóò padà sílé. Ẹ sì má gbàgbé pé márùn-ún yìí jẹ́ ti ìdánrawò ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ọmọ márùn-ún gbé ìdúróṣinṣin tẹ́sìtì kalẹ̀, ẹ̀rín la ó fi rín in.

Ọ̀rọ̀ òkìtì, ìyẹn àṣìṣe ìdíwọ̀n, wá kù. Ẹ yọ 0.70 kúrò nínú 1, ó ku 0.30. Ẹ tẹ √, 0.55. Ẹ fi 4, ìfọ́nká wa, sọ ọ́ di púpọ̀: 2.2. Ìyẹn ni bí òkìtì ṣe lè ga tàbí kó relẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kúnlé gba 12, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ báyìí: láti 9.8 dé 14.2. Ṣọlá gba 14: láti 11.8 dé 16.2. Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì gun orí ara wọn? Kò sí ẹ̀rí tó dájú pé Ṣọlá mọ ìṣirò ju Kúnlé lọ. Ọjọ́ tí mo ṣe ìṣirò yìí tán ni mo tó mọ ohun tí mo ń kọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé òótọ́ ló ń sọ?

Ìwé yín yóò ka oríṣi ìjóòótọ́ mẹ́ta: ṣé àwọn ìbéèrè kárí ohun tí a kọ́, ṣé máàkì náà bá ohun mìíràn tó ṣe pàtàkì mu, bíi èsì ọdún tó tẹ̀ lé e, àti ṣé ohun tí a pè é náà ló jẹ́. Ẹ kọ́ wọn, àmọ́ ìtàn ni kí ẹ fi gbé wọn dúró.

Olùwádìí kan, Robert Serpell, tẹ́ àwọn ọmọ Zambia àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, ó sì gbé iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 1979. Ó ní kí wọ́n ṣe àfarawé ohun kan náà. Nígbà tó jẹ́ pẹ́ńsù àti bébà, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló ta yọ. Nígbà tó jẹ́ wáyà, àwọn ọmọ Zambia ló ta yọ, torí wáyà ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ìṣeré. Nígbà tó di amọ̀, wọ́n dọ́gba. Ẹni tó bá ti rí ọmọ Ọ̀yọ́ tó fi agolo mílíìkì àti àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà sílípáàsì kan mọ́tò kò nílò àlàyé síwájú sí i.

Èkejì ṣẹlẹ̀ ní Làìbéríà, láàárín àwọn Kpelle. Àwọn olùwádìí kó oúnjẹ àti irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn àgbà ṣà wọ́n jọ. Àwọn àgbà kó ọ̀bẹ mọ́ ọsàn, torí ọ̀bẹ la fi ń gé ọsàn. Wọ́n ní bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹnì kan wá béèrè pé báwo ni òmùgọ̀ yóò ṣe ṣe é. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n kó oúnjẹ sọ́tọ̀, irinṣẹ́ sọ́tọ̀, bí tẹ́sìtì ṣe fẹ́ gan-an. Ẹ bi ìyá àgbà yín pé kí ló bá odó lọ, ọmọrí odó àbí ìkòkò. Wọn á wò yín bí ẹni tórí rẹ̀ ò pé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ olùkọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, ọwọ́ yín ni èyí ti le jù. Bí ọmọ tí kò gbọ́ràn bá fìdí rẹmi nínú tẹ́sìtì ọpọlọ tó kún fún gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì gígùn, Gẹ̀ẹ́sì la wọ̀n. Ìdí kóńgò ti wọnú.

Bí ìtàn kan bá sì yẹ kí ẹ há sórí, ti Binet ni. Ọdún 1905, ní Paris, òun àti Simon ṣe tẹ́sìtì láti fi mọ àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ nílé-ìwé. Wọn ò ṣe é láti fi sọ pé ọpọlọ ọmọ kan ti parí síbẹ̀. Stern ti Jámánì ló mú ìdá ọjọ́ orí ọpọlọ wọ̀ ọ́ lọ́dún 1912, ìyẹn ọjọ́ orí tí ọpọlọ ọmọ dé, tí a fi ọjọ́ orí rẹ̀ gan-an pín, Terman ní Stanford sì tún un ṣe fún Amẹ́ríkà lọ́dún 1916. Ọdún mẹ́ta yẹn ti tó fún ìdánwò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ yẹ ìbéèrè wò lọ́kọ̀ọ̀kan

Kíákíá nìyí. Ẹ to bébà àwọn ọmọ láti orí ẹni tó gba jù. Ẹ mú mẹ́wàá òkè, mẹ́wàá ìsàlẹ̀ (nínú kíláàsì ńlá, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún lókè àti nísàlẹ̀). Bí 8 lókè bá gba ìbéèrè kan, tí 3 nísàlẹ̀ gbà á: 11 nínú 20, ìrọ̀rùn rẹ̀ jẹ́ 0.55. Ẹ yọ 3 kúrò lára 8, ẹ fi 10 pín in, 0.5: ó ya ọlọ́pọlọ sọ́tọ̀ dáadáa. Bí 3 lókè bá gbà á, tí 7 nísàlẹ̀ gbà á, −0.4 nìyẹn. Ẹ má bá akẹ́kọ̀ọ́ jà. Ẹ lọ wo ìdáhùn tí olùkọ́ kọ sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ṣì í.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ ṣe tiyín, ní Yorùbá

Ẹ mú ohun kan tí ẹ mọ̀ dunjú: ìbẹ̀rù ìdánwò. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́wàá, kí ẹ fi ìdáhùn márùn-ún sí i bí Likert ti kọ́ wa lọ́dún 1932, láti "mo fara mọ́ ọn gan-an" dé "n ò fara mọ́ ọn rárá". Lẹ́yìn náà ni wàhálà yóò bẹ̀rẹ̀, wàhálà náà sì ni ẹ̀kọ́.

Àkọ́kọ́, Yorùbá ò fẹ́ sọ pé nǹkan ò dára. Ẹ bi ẹni tí ojú ń pọ́n pé ṣé dáadáa ni, á ní a dúpẹ́. Nítorí náà, ẹ má kọ "Inú mi dùn", ẹ béèrè ohun tí ara ṣe: "Ní alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò, ó máa ń pẹ́ kí oorun tó gbé mi lọ." Onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, kọ̀wé lọ́dún 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ń sọ pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lórí, tí ìwé ò wọlé mọ́. Orí gbígbóná ni ọ̀pọ̀ wa fi ń sọ ohun tí ìwé òyìnbó yóò pè ní àníyàn.

Èkejì ni gbólóhùn oní-"kì í". Ẹ bi ènìyàn pé "Ṣé o ò jẹun ni?", á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, n ò jẹun." Bẹ́ẹ̀ ni wa ń gba ohun tí ẹ sọ, ó sì lè da àwọn tó ń ronú ní èdè méjì rú. Gbólóhùn "Ẹ̀rù kì í bà mí" yóò mú kí àwọn kan mú ìdáhùn òdìkejì. Ẹ kọ "Ọkàn mi máa ń balẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò", kí ẹ wá yí máàkì rẹ̀ padà: ẹ yọ ọ́ kúrò lára 6, kí 5 di 1, kí 4 di 2. Gbàgbé èyí pẹ́nrẹ́n, ìdúróṣinṣin tẹ́sìtì yín á wó lulẹ̀, ẹ ó sì máa bú kọ̀ǹpútà.

Bí ẹ bá ń túmọ̀ ti ẹlòmíràn, kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí méjèèjì ò ti bára mu, ibẹ̀ ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó túmọ̀ rárá, ẹ wò bóyá ọmọ ilẹ̀ wa ti ṣe é: C. G. M. Bakare ti Yunifásítì Ìbàdàn, fún àpẹẹrẹ, ti ṣe tẹ́sìtì nípa àṣà ìkẹ́kọ̀ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí ẹ fẹ́ tẹ́ wò, ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ wọn, ẹ má sì gbé èsì ọ̀rẹ́ yín lọ sí yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti rí i níbi tó ti ba ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́.

Kí ẹ tó wọ gbọ̀ngàn

Ẹ padà sí ìbéèrè tó gbé mi ṣubú. Ẹ jókòó, kí ẹnì kan ṣe ìyá Kúnlé, kí ẹ má lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Kúnlé gba méjìlá nínú ogún. Àárín kíláàsì gan-an nìyẹn. Bó bá tún un ṣe lọ́la, ó lè gba mẹ́wàá, ó lè gba mẹ́rìnlá. Kò túmọ̀ sí pé ó gọ̀ tàbí pé ó gbọ́n sí i mọ́jú. Ìṣirò la sì wọ̀n, mà, kì í ṣe gbogbo orí rẹ̀."

Ìyá Kúnlé á dúpẹ́. Lẹ́yìn náà á ní, "Ipò kelòó wá ló ṣe, tíṣà?"

"Ìkẹta, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ta ló ṣe ìkíní?"